Kámẹ́rà adáyàwòrán

Kámẹ́rà adáyàwòrán jẹ́ irú kámẹ́rà kan tí ó máa ń ya àwòrán tàbí ká fídíò fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹranko tàbí ènìyàn bá kọjá níwájú rẹ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni wà nítòsí láti tẹ bọ́tìnnì rẹ̀. Àwọn onímọ̀ nípa ẹranko ń lò ó nínú igbó, nínú ọ̀dàn àti lórí òkè. Bákan náà ni àwọn onílé ń lò ó ní ẹ̀yìnkùlé wọn láti mọ ẹranko tí ń wọ ibẹ̀ lóru. Ohun tí ó ya kámẹ́rà yìí sọ́tọ̀ ni pé ó ń rí ohun tí ojú ènìyàn kì í sábà rí: ẹranko tí ń sá fún ènìyàn, ẹranko tí ó jẹ́ pé òru ni í jẹ̀, àti ìwà tí ẹranko ń hù nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí.

Iye owó kámẹ́rà yìí ti wálẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 21, nígbà tí kámẹ́rà oní-dígítà rọ́pò ti fíìmù. Ohun tí ó jẹ́ iṣẹ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n àti àwọn ọdẹ nìkan tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ àti onílé lè ṣe. Àǹfààní rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ó gbé ìbéèrè kan dìde pẹ̀lú: kámẹ́rà tí kì í sùn kò mọ ìyàtọ̀ láàrin ẹranko àti aládùúgbò.

Orúkọ

Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi orúkọ tàkúté pe kámẹ́rà yìí, nítorí pé bí a ṣe ń dẹ tàkúté ni a ṣe ń dẹ òun náà. A ó wá ojú ọ̀nà tí ẹranko ń gbà, a ó gbé e síbẹ̀, a ó fi í sílẹ̀, a ó sì padà wá wò ó lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Orúkọ kejì, tí ó gbilẹ̀ láàrin àwọn ọdẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, túmọ̀ sí kámẹ́rà ojú ọ̀nà igbó. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin òun àti tàkúté ni pé tàkúté ń mú ẹran, ṣùgbọ́n àwòrán nìkan ni kámẹ́rà ń mú. Ẹranko náà yóò bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ náà adáyàwòrán jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ tí a ṣẹ̀dá láti ara àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a-, ọ̀rọ̀-ìṣe dá, tí ó ń fi hàn pé ẹni tàbí ohun kan ń ṣe nǹkan láìsí olùrànlọ́wọ́, ọ̀rọ̀-ìṣe yà, àti ọ̀rọ̀-orúkọ àwòrán.

Ìtàn

Ẹni tí a kà sí aṣáájú nínú iṣẹ́ yìí ni George Shiras III (1859–1942), agbẹjọ́rò ará Amẹ́ríkà tí ó tún ṣe ọmọ Ilé Aṣòfin láti ìpínlẹ̀ Pennsylvania láàrin 1903 sí 1905. Ọdẹ ni Shiras tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, ó fi kámẹ́rà rọ́pò ìbọn. Ní òpin ọ̀rúndún 19, ní agbègbè adágún Whitefish ní ìpínlẹ̀ Michigan, ó máa ń wa ọkọ̀ ojú omi kékeré lóru láti fi fíláàṣì ya àgbọ̀nrín tí ó wá mu omi. Ó tún máa ń ta okùn sí ojú ọ̀nà ẹranko. Bí ẹranko bá kọ lu okùn náà, kámẹ́rà yóò ṣí, ìyẹ̀fun iná yóò sì bú láti tan ìmọ́lẹ̀. Ní oṣù Keje 1906, ìwé ìròyìn National Geographic tẹ 74 nínú àwọn àwòrán rẹ̀ jáde.

Ní ilẹ̀ Íńdíà, F. W. Champion, òṣìṣẹ́ ẹ̀ka igbó ọba lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, lo irú okùn bẹ́ẹ̀ láti ya tígà (Panthera tigris), ìbátan ẹkùn, lóru. Ìwé rẹ̀, With a Camera in Tiger-land, jáde ní 1927. Ní ọdún kan náà, Frank Chapman, onímọ̀ nípa ẹyẹ ará Amẹ́ríkà, gbé àwọn àwòrán ẹranko tí ó fi irú ọgbọ́n yìí yà ní erékùṣù Barro Colorado ní Panama jáde nínú National Geographic.

Ìṣòro pọ̀ nínú ọ̀nà okùn. Àwòrán kan ṣoṣo ni kámẹ́rà lè yà kí ẹni tí ó gbé e síbẹ̀ tó padà wá tún un dẹ. Ìyẹ̀fun iná náà a máa bú gbàmù, a sì máa dẹ́rù ba ẹranko. Ní àwọn ọdún 1980 àti 1990 ni ẹ̀rọ tí ń lo ìtànṣán infrared bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́pò okùn, tí fíìmù oní-àwòrán 36 sì jẹ́ kí kámẹ́rà kan lè dá dúró nínú igbó fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Lẹ́yìn ọdún 2000, kámẹ́rà oní-dígítà dé. Káàdì mẹ́mọ́rì kan lè gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán, èyí sì mú òpin bá ìṣòro fíìmù.

Ohun mìíràn tí ó yí ipò kámẹ́rà yìí padà ni ìṣirò. Ní 1995, K. Ullas Karanth, onímọ̀ ará Íńdíà, tẹ ìwádìí jáde tí ó fi hàn pé a lè fi kámẹ́rà mọ iye tígà tí ó wà ní ọgbà ẹranko Nagarahole. Ìlà ara tígà kan kò jọ ti òmíràn, gẹ́gẹ́ bí ìlà ìka ọwọ́ ènìyàn méjì kò ṣe jọra. Nítorí náà, ẹni tí ó bá wo àwòrán méjì lè mọ̀ bóyá ẹranko kan náà ni tàbí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Láti ibẹ̀, a lè ṣírò àwọn tí kámẹ́rà kò rí. Bí àpẹẹrẹ, bí kámẹ́rà bá ya 20 tígà nínú oṣù àkọ́kọ́, tí ó tún ya 20 nínú oṣù kejì, tí 10 nínú àwọn ti oṣù kejì sì jẹ́ àwọn tí a ti rí tẹ́lẹ̀, a jẹ́ pé ìdajì gbogbo tígà ibẹ̀ ni kámẹ́rà ń rí lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo wọn yóò sì tó nǹkan bí 40. Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ ń lò lónìí díjú ju èyí lọ, ṣùgbọ́n orí ìpìlẹ̀ yìí ni ó dúró lé.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn kámẹ́rà adáyàwòrán òde òní ní apá mẹ́rin pàtàkì: sẹ́ńsọ̀ tí ń mọ̀ pé nǹkan kọjá, lẹ́ńsì àti ojú kámẹ́rà fúnra rẹ̀, iná infrared fún òru, àti bátìrì pẹ̀lú káàdì mẹ́mọ́rì. Gbogbo wọn wà nínú àpótí kan tí omi kò lè wọ̀.

Sẹ́ńsọ̀ náà kì í rí ẹranko bí ojú ṣe ń rí i. Ooru ni ó ń mọ̀. Gbogbo ohun tí ó bá móoru ni ó ń tú ìtànṣán infrared jáde. A pín sẹ́ńsọ̀ náà sí ọ̀nà méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń wo apá kan nínú àyíká. Bí ara tí ó móoru ju àyíká lọ bá ti iwájú apá kìíní kọjá sí iwájú apá kejì, ìyàtọ̀ ooru láàrin méjèèjì yóò jí kámẹ́rà. Kámẹ́rà yóò sì ya àwòrán láàrin ìdá kan ìṣẹ́jú-àáyá sí ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, gẹ́gẹ́ bí irú rẹ̀ bá ṣe rí. Bí kámẹ́rà bá lọ́ra láti jí, ìrù nìkan ni yóò bá ẹranko tí ń sáré.

Ọ̀nà ìṣiṣẹ́ yìí ṣàlàyé ọ̀pọ̀ ohun tí ó máa ń ya olùbẹ̀rẹ̀ lẹ́nu. Alángbá àti ejò kì í sábà jí kámẹ́rà, nítorí pé ara wọn kò móoru ju àyíká lọ. Ní ọ̀sán gangan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ooru afẹ́fẹ́ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ara ẹranko dọ́gba, kámẹ́rà lè máa pàdánù ẹranko ńlá pàápàá. Lọ́wọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, ewé tí oòrùn ti pa, tí atẹ́gùn wá ń mì, lè jí i nígbà ọgọ́rùn-ún láàrin ọjọ́ kan. Ẹranko tí ó bá rìn tààrà wá sí ọ̀dọ̀ kámẹ́rà kì í tètè jí i tó èyí tí ó bá gba iwájú rẹ̀ kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì.

Lóru, kámẹ́rà a máa tan iná infrared tí ojú ènìyàn kì í rí dáadáa. Irú méjì ni ó wọ́pọ̀. Èyí tí ìtànṣán rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 850 nánómítà ń tàn jìnnà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wò ó lè rí pupa díẹ̀ lójú rẹ̀. Èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí 940 nánómítà kò hàn sí ojú ènìyàn rárá, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò lọ jìnnà tó ti àkọ́kọ́. Méjèèjì kò ní àwọ̀, ìdí nìyí tí àwòrán òru fi máa ń jẹ́ dúdú àti funfun.

Gbígbé e sí ẹ̀yìnkùlé

Iṣẹ́ kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀ kí a tó tan án. Ẹni tí ó fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ojú ara rẹ̀ wo ilẹ̀: ipa ẹsẹ̀ lórí ẹrẹ̀, ìgbẹ́ ẹranko, ihò lábẹ́ ògiri, koríko tí ó ti tẹ́ nítorí pé nǹkan ń gba orí rẹ̀ kọjá, èso tí a jẹ kù sábẹ́ igi. Ìmọ̀ yìí kò yàtọ̀ sí ti ọdẹ tí ń tọ ipasẹ̀ ẹran.

Lẹ́yìn èyí, àwọn ohun tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà ń tẹ̀lé nìwọ̀nyí:

Gíga. Fún ẹranko kékeré bí okété, a máa ń so kámẹ́rà mọ́ igi tàbí òpó ní nǹkan bí 30 sí 50 sẹ̀ǹtímítà sí ilẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n orúnkún. Bí ó bá ga jù, ẹranko kékeré yóò gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Jíjìnnà. Ibi tí a retí pé ẹranko yóò kọjá yẹ kí ó tó mítà méjì sí mẹ́ta sí kámẹ́rà. Bí ó bá sún mọ́ jù, ìmọ́lẹ̀ òru yóò pa àwòrán rẹ́, ojú rẹ̀ kò sì ní já geere.

Oòrùn. Kámẹ́rà tí ó kọjú sí ìlà oòrùn tàbí ìwọ̀ oòrùn yóò máa ya ìmọ́lẹ̀ oòrùn ní àárọ̀ tàbí ní ìrọ̀lẹ́. Àríwá tàbí gúúsù ni ó dára jù láti kọjú sí.

Koríko. A gbọ́dọ̀ ro koríko àti ewé tí ó wà níwájú lẹ́ńsì, kí wọ́n má bàa máa jí kámẹ́rà lásán.

Aago. Ọjọ́ àti àkókò tí a tò sínú kámẹ́rà gbọ́dọ̀ pé, nítorí pé wákàtí tí ẹranko jáde ṣe pàtàkì bí àwòrán rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Sùúrù. Òórùn ènìyàn a máa wà lára ohun tí a bá fọwọ́ kàn. Ẹni tí ó bá ń lọ wo kámẹ́rà lójoojúmọ́ lè máa lé ẹranko tí ó ń wá. Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì dára ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Omi jẹ́ ohun tí ń fa ẹranko mọ́ra ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn. Àwo omi tí kò jìn, tí a gbé sílẹ̀ níwájú kámẹ́rà, tí a sì ń fọ̀ déédéé, lè fa ẹyẹ lọ́sàn-án àti ẹranko mìíràn lóru. Oúnjẹ ní ewu tirẹ̀, èyí tí a ṣàlàyé nísàlẹ̀.

Kíka ohun tí kámẹ́rà rí

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni kí a ka iye àwòrán bí ẹni pé iye ẹranko ni. Okété kan tí ó dúró níwájú kámẹ́rà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lè mú ogójì àwòrán jáde. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ka gbogbo àwòrán irú ẹranko kan tí ó bọ́ sí àárín ìṣẹ́jú 30 sí ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á pín iye ìṣẹ̀lẹ̀ sí iye ọjọ́ tí kámẹ́rà fi ṣiṣẹ́. Bí kámẹ́rà kan bá ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ 30, tí okété sì wá nígbà 12, ìyẹn jẹ́ ìṣẹ̀lẹ̀ 40 fún ọgọ́rùn-ún ọjọ́ kámẹ́rà. Irú nọ́ńbà yìí wúlò láti fi oṣù kan wé èkejì tàbí ọgbà kan wé òmíràn, ṣùgbọ́n kò sọ iye okété tí ó wà. Ọ̀kan lè wá nígbà 12; méjìlá sì lè wá nígbà kọ̀ọ̀kan.

Òru tí kámẹ́rà kò rí nǹkan kan ní ìtumọ̀ pẹ̀lú. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a kọ ọjọ́ tí a gbé kámẹ́rà sílẹ̀ àti ọjọ́ tí a gbé e kúrò, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹranko wá nìkan.

Àwọn ẹranko ẹ̀yìnkùlé

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ̀yìnkùlé tí ó súnmọ́ oko, igbó tàbí odò máa ń ní àlejò òru. Okété (Cricetomys) jẹ́ ẹranko tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá mọ̀ nínú òwe, tàbí ní ẹ̀bá ọ̀nà níbi tí wọ́n ti ń ta ẹran ìgbẹ́, ṣùgbọ́n tí wọn kò rí i láàyè rí. Òru ni ó ń jẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì dà bí àpò tí ó fi ń kó oúnjẹ lọ sínú ihò. Ọ̀yà (Thryonomys swinderianus) máa ń jáde ní etí oko àgbàdo, ti ìrèké àti ti ẹ̀gẹ́. Ó sì máa ń fi ìtì koríko tí ó gé sílẹ̀ lójú ọ̀nà rẹ̀. Ẹtà (Civettictis civetta) kò yan oúnjẹ; ó ń jẹ èso, kòkòrò àti ẹranko kéékèèké, ó sì ní àṣà láti máa lọ gbọnsẹ̀ sí ojú kan náà. Ẹni tí ó bá rí irú ibẹ̀ ti mọ ibi tí yóò gbé kámẹ́rà sí. Ikún (Xerus erythropus) yàtọ̀ sí wọn, nítorí pé ọ̀sán ni òun ń jáde.

Òwìwí (Tyto alba) jẹ́ àpẹẹrẹ ẹ̀dá tí àwòrán lè sọ̀rọ̀ fún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kà á sí ẹyẹ àjẹ́. Bí ó bá bà sórí òrùlé, wọn a máa lé e, wọn a sì máa pa á nígbà mìíràn. Bẹ́ẹ̀, eku àti èkúté ni olórí oúnjẹ rẹ̀. Kámẹ́rà tí a kọjú sí ibi tí ó ń bà sí lè fi ohun tí ó gbé sẹ́nu hàn lálaalẹ́, èyí sì jẹ́ ẹ̀rí tí àlàyé ẹnu lásán kò lè pèsè.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, kámẹ́rà ẹ̀yìnkùlé wọ́pọ̀ gan-an. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ pupa (Vulpes vulpes) ti di ará ìlú ńlá bí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ń rìn láàrin ilé àti ojú ọ̀nà lóru. Ẹranko tí àwọn onílé fẹ́ràn láti rí jù ni Erinaceus europaeus, ẹranko kékeré ẹlẹ́gùn-ún tí ó dà bí òòrẹ̀ kékeré, tí ń jẹ kòkòrò àti ekòló. Iye rẹ̀ ti dínkù ní Bìrìtéènì, a sì kà á mọ́ àwọn ẹranko tí ó wà nínú ewu níbẹ̀ nínú àkójọ tí ó jáde ní 2020. Ọ̀kan nínú ohun tí ń yọ ọ́ lẹ́nu ni ògiri àti ọgbà onípákó tí kò ní àlàfo, nítorí pé ó nílò láti rìn láti ẹ̀yìnkùlé kan dé òmíràn láti rí oúnjẹ tó. Ìmọ̀ràn tí a ń fún àwọn onílé ni kí wọ́n dá ihò tí ó tó sẹ̀ǹtímítà 13 ní ìbú àti ní gíga sí ìsàlẹ̀ ọgbà. Kámẹ́rà ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ẹranko náà ń gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n tún ń kìlọ̀ pé kí a má fún un ní wàrà, nítorí pé inú rẹ̀ kò gbà á. Omi lásán ni ó tọ́ sí i. Àjọ Zoological Society of London ń fi kámẹ́rà wá ẹranko yìí kiri ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù nínú iṣẹ́ tí a pè ní London HogWatch.

Ní Amẹ́ríkà, raccoon (Procyon lotor), Didelphis virginiana tí ń gbé ọmọ sínú àpò ikùn, àti àgbọ̀nrín onírù funfun (Odocoileus virginianus) ni ó sábà máa ń hàn.

Ìlò nínú ìwádìí

Kámẹ́rà adáyàwòrán ti fi ẹ̀rí wíwà àwọn ẹranko tí a kò rò pé a lè rí hàn. Ní 2005, kámẹ́rà tí a gbé sí igbó orí òkè Udzungwa ní Tanzania ya ẹranko kékeré onímú gígùn kan tí kò sí nínú ìwé onímọ̀ kankan. Ní 2008 ni a sọ ọ́ ní Rhynchocyon udzungwensis. Ní ọdún 2005 kan náà, kámẹ́rà fi hàn pé ẹtu ńlá oníwo gígùn ti Àǹgólà (Hippotragus niger variani), èyí tí a ń bẹ̀rù pé ogun abẹ́lé ti pa run, ṣì wà ní ọgbà ẹranko Cangandala. Ní oṣù Kẹsàn-án 2013, kámẹ́rà ya saola (Pseudoryx nghetinhensis) ní Vietnam, ẹranko tí a kò rí àwòrán rẹ̀ nínú igbó láti 1999.

Ní Nàìjíríà, ní 2020, àjọ Wildlife Conservation Society gbé àwòrán jáde láti òkè Mbe ní ìpínlẹ̀ Cross River. Àwòrán náà fi agbo ìnàkí Gorilla gorilla diehli kan hàn pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn kéékèèké. Nǹkan bí 300 irú ìnàkí yìí ni a gbà pé ó kù ní ààlà Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, wọ́n sì ń sá fún ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ tí ó ṣòro láti rí wọn. Ìtumọ̀ àwòrán ọmọ ìnàkí ni pé agbo náà ṣì ń bímọ.

Bí kámẹ́rà ṣe ń pọ̀ sí i ni iṣẹ́ kíka àwòrán ń pọ̀ sí i. Iṣẹ́ Snapshot Serengeti, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Tanzania ní 2010, lo kámẹ́rà 225 lórí ilẹ̀ tí ó fẹ̀ tó 1,125 kìlómítà alábùúbá mẹ́rin. Láti 2010 sí 2013, ó kó ìdìpọ̀ àwòrán tí ó tó mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni tí ó ju 28,000 lọ, láti orílẹ̀-èdè káàkiri, ni wọ́n bá àwọn onímọ̀ wo àwòrán náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lónìí, ọgbọ́n àtọwọ́dá ń ṣe apá kan iṣẹ́ náà. MegaDetector, tí ilé iṣẹ́ Microsoft ṣe, ń ya àwòrán tí ẹranko, ènìyàn tàbí ọkọ̀ wà nínú rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àwòrán òfìfo. Wildlife Insights, tí Google àti àwọn àjọ kan bẹ̀rẹ̀ ní 2019, ń gbìyànjú láti dárúkọ ẹranko náà. Ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣì ń ṣe àṣìṣe, ó sì yẹ kí ènìyàn yẹ ohun tí ó bá sọ wò.

Ewu àti ìlera

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi oúnjẹ fa ẹranko wá síwájú kámẹ́rà. Ní Nàìjíríà, èyí lè fa ewu, nítorí pé oúnjẹ tí a fi sílẹ̀ lóru ń pe eku àti èkúté wá sí ilé. Ibà Lassa, tí orúkọ rẹ̀ wá láti ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno níbi tí a ti kọ́kọ́ dá a mọ̀ ní 1969, jẹ́ àrùn tí ń pani. Èkúté Mastomys natalensis ni ó ń gbé fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ kiri. Ènìyàn sì ń kó o nípa fífọwọ́ kan tàbí jíjẹ ohun tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ èkúté náà ti bà jẹ́. Àwòrán òru tí ó jẹ́ dúdú àti funfun kò lè fi ìdánilójú ya èkúté yìí sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn mìíràn tí ó jọ ọ́. Nítorí náà, omi ni ó dára láti lò dípò oúnjẹ, kí kámẹ́rà jìnnà sí ilé ìdáná àti ibi ìpamọ́ oúnjẹ, kí a sì fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí a bá fọwọ́ kan ilẹ̀ ibẹ̀.

Ewu kan wà fún ẹranko pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ fóònù àti àwọn kámẹ́rà kan máa ń kọ ibi tí a ti ya àwòrán sínú fáìlì rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé àwòrán ẹranko tí ó ṣọ̀wọ́n sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìpa àdírẹ́sì ibẹ̀ rẹ́ lè ti fi ọ̀nà han ẹni tí yóò wá pa á.

Àṣírí ènìyàn

Kámẹ́rà tí a gbé kalẹ̀ nítorí ẹranko ń ya ènìyàn pẹ̀lú. Ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Cambridge kópa nínú rẹ̀, tí ó jáde ní 2024, sọ̀rọ̀ nípa àwọn obìnrin abúlé tí ń wọ igbó ní àyíká ọgbà ẹranko Corbett ní Íńdíà láti wá igi ìdáná àti koríko. Kámẹ́rà tí a gbé síbẹ̀ nítorí tígà ń ká wọn mọ́ ibi tí wọ́n ti rò pé àwọn nìkan wà. Àwòrán obìnrin kan tí ó yà sínú igbó láti tura di ohun tí àwọn kan ń pín kiri lórí ẹ̀rọ ayélujára, inú sì bí àwọn ará abúlé débi pé wọ́n fọ́ kámẹ́rà. Ìwádìí náà sọ pé àwọn obìnrin náà dín ọ̀rọ̀ àti orin wọn kù nínú igbó nítorí kámẹ́rà. Bẹ́ẹ̀, ariwo yẹn wà lára ohun tí ń jẹ́ kí erin àti tígà gbọ́ pé ènìyàn ń bọ̀, kí wọ́n sì yà lọ́nà.

Ní ẹ̀yìnkùlé, ọ̀rọ̀ náà kéré ju ti Corbett lọ, ṣùgbọ́n irú kan náà ni. Ní ilé alágbàlá tí ọ̀pọ̀ ìdílé jọ ń lò, ojú kámẹ́rà lè dé ibi ìwẹ̀, ẹnu ọ̀nà aládùúgbò tàbí ibi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré. Òfin ìdáàbòbò dátà ti Nàìjíríà, tí a fọwọ́ sí ní 2023, yọ ohun tí ènìyàn ń ṣe fún ara rẹ̀ àti ìdílé rẹ̀ nìkan sílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ìlànà rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti tẹ ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn sí àṣírí lójú. Ní Bìrìtéènì, kámẹ́rà tí ojú rẹ̀ bá kọjá ààlà ilé ẹni lè mú onílé wá sábẹ́ òfin dátà.

Àwọn ìlànà tí ó wọ́pọ̀ láàrin àwọn tí ń lo kámẹ́rà yìí kò ṣòro. Kí a sọ fún àwọn tí wọ́n jọ ń lo àgbàlá kí a tó gbé kámẹ́rà síbẹ̀. Kí a kọ ojú rẹ̀ sí ilẹ̀, kì í ṣe sí ilé tàbí ọ̀nà. Kí a lo àwòrán dípò fídíò tí ń gba ohùn. Kí a sì pa àwòrán èyíkéyìí tí ènìyàn bá wà nínú rẹ̀ rẹ́ láìfi han ẹnikẹ́ni.